Irin Tí Kì Í Gbàgbé: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ká Sípíríǹgì

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ́tí sí ìró kékeré kan.

[Ìró bírò: kẹ́-kẹ́, kẹ́-kẹ́.]

Bírò lásán ni, ó wà lọ́wọ́ mi. Mo tẹ ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yọ síta. Mo tún un tẹ̀, ẹnu wọlé padà. Mo ti ń tú u báyìí. Ohun tó bọ́ sórí tábìlì yìí ni sípíríǹgì inú rẹ̀. Kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Wáyà tí wọ́n fi ṣe é tín-ín-rín gan-an, kò tó ìdajì mílímítà. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó súnkì. Mo gbé ìka kúrò, ó na ara rẹ̀ padà.

Nígbà tí a wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí nǹkan yìí bá ta kúrò lọ́wọ́ wa, abẹ́ bẹ́ǹṣì ni a máa ń rákò wọ̀ láti wá a, títí olùkọ́ yóò fi bá wa níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ta ló ká a. Ẹ wò ó, kò sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn tó lè ká wáyà tín-ín-rín báyìí, kó ká èkejì kó bá a dọ́gba, kó sì ká ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún láìsí pé ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ̀rọ ló ká a. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ náà. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí, nítorí ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mọ́ mi nínú.

Ibi tí ẹ bá yíjú sí nínú ilé, sípíríǹgì wà níbẹ̀. Ó wà nínú àgádágodo, nínú ṣọ́kù ọ̀kadà, nínú máṣíìnì ìránṣọ, nínú jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìnkùlé, nínú bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíràn dùbúlẹ̀ lé tó ń gbọ́ wa. Irin ni, ṣùgbọ́n irin tí kì í gbàgbé ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fà á, ẹ lọ́ ọ. Bí ẹ kò bá ti mú un kọjá ààlà rẹ̀, ó mọ ibi tí ó ti wá, ibẹ̀ ni yóò sì padà sí.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Hooke, ló rí òfin tó wà nídìí rẹ̀. Ní 1676, ó tẹ lẹ́tà mẹ́rìnlá kan sínú ìwé, ó dà wọ́n rú pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ìmọ̀ náà mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó ṣe tán. Ní 1678 ló tó tú u fáráyé. Gbólóhùn Látìnì kan ni àwọn lẹ́tà náà, ohun tó ń sọ sì ni pé bí irin bá ṣe nà tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń tó. Ẹ so ẹrù kílò kan mọ́ sípíríǹgì. Bó bá fi mílímítà mẹ́wàá gùn sí i, ẹrù kílò méjì yóò mú un gùn ní ogún. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń fi kọ́ ẹran lọ́jà, tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹran bá ṣe wúwo tó, òfin Hooke yìí ló ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú oorun dá lójú ẹni tó ń ṣe sípíríǹgì ju ti Hooke lọ. Wáyà ni. Bí wáyà kan bá nípọn ní ìlọ́po méjì wáyà kejì, tí a sì ká méjèèjì bákan náà, sípíríǹgì tó nípọn kò ní le ní ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni yóò fi le ju èkejì lọ. Ẹ fi méjì lọ́nà méjì, ẹ tún fi lọ́nà méjì, ẹ tún fi lọ́nà méjì, ẹ ó rí i. Nítorí náà, bí wáyà bá fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún nípọn ju bó ṣe yẹ, tí ojú kò rí i, tí ìka kò mọ̀ ọ́n, agbára sípíríǹgì ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún yẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ náà ń ṣe tirẹ̀: bí òbíríkítí rẹ̀ bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, agbára á wálẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ó wá ku iye ìyíká. Bí ìyíká bá ṣe ń pọ̀ ni sípíríǹgì ń rọ̀. Bó bá ṣe ń dín kù ni ó ń le.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà gbọ́, àfi bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ní ọkọ̀ àlòkù kan nígbà kan, mo ra sípíríǹgì fún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan sì ga ju èkejì lọ. Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é ní, “Ọ̀gá, ẹ má ṣèyọnu, a máa gé e ni.” Ó fi iná gáàsì gé ìyíká méjì kúrò. Lóòótọ́, ọkọ̀ náà dọ́gba. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kòtò kékeré tí kò tó ohun tí ènìyàn ń yà fún, bí ẹni fi igi gbá mi lẹ́yìn ni. Èmi ń rò pé bí sípíríǹgì bá ti kúrú, á rọ̀. Ìyíká mẹ́fà tó ń ṣiṣẹ́ ló wà lára rẹ̀ kí wọ́n tó gé e, ó wá ku mẹ́rin. Ó túmọ̀ sí pé ó ti fi ààbọ̀ agbára rẹ̀ àtijọ́ le sí i. Iná gáàsì tún ti pa agbára irin náà níbi tí ó ti fọwọ́ kàn án. Kò pé oṣù mélòó kan, ibẹ̀ gan-an ló ti kán, lójú títì, pẹ̀lú ìdílé mi nínú ọkọ̀. Mi ò dá ọkùnrin náà lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìdí kan nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, báwo ni wọ́n ṣe ń ká a? Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ tọ́nà, ẹ̀rọ lẹ́ètì rẹ̀ dàgbà ju èmi lọ. Mo lọ bá a lọ́jọ́ kan pé kó bá mi ká sípíríǹgì kan tí inú rẹ̀ máa gba ọ̀pá ìlàjì ínṣì. Ó mú ọ̀pá irin kan, ó fi mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Mo wò ó, ọ̀pá náà tín-ín-rín ju èyí tí mo fẹ́ lọ.

“Bàbá, ṣé ọ̀pá yìí kò kéré jù báyìí?”

“Ọmọ mi, wò ó níran.”

Ó di etí wáyà mọ́ ọ̀pá, ó tan ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, wáyà ń wé mọ́ ọ̀pá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó tó, ó pa ẹ̀rọ, ó ní kí n sún sẹ́yìn, ó wá rọra yí ẹ̀rọ padà. Gbogbo ìyíká yẹn sọjí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n yí padà, wọ́n tú, wọ́n fẹ̀, bí ejò tí wọ́n dá sílẹ̀ nínú àpò. Nígbà tí wọ́n fi dúró, wọ́n ti ń mì lórí ọ̀pá náà pẹ̀lú àyè. Bàbá fi ọ̀pá ìlàjì ínṣì bọ inú rẹ̀, ó wọlé rẹ́gí.

“Irin kì í gbà tán,” ni bàbá wí. “Bí o bá ní kó tẹ̀ tó báyìí, yóò tẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mú díẹ̀ padà. O ní láti béèrè ju ohun tí o fẹ́ lọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ sípíríǹgì. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìnàpadà. Iye tí irin máa mú padà kò dúró sójú kan: ó wà lọ́wọ́ bí wáyà ṣe le tó, bó ṣe nípọn tó, àti bí òbíríkítí tí a fẹ́ ṣe fẹ̀ tó sí nínípọn wáyà. Ìbútọ̀ wáyà kan, ìyẹn ìdì ńlá tí wọ́n ká wáyà jọ sí, lè yàtọ̀ sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ kan náà ló fa méjèèjì jáde. Bàbá tọ́nà mọ èyí nínú ọwọ́ rẹ̀. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan.

Ẹ jẹ́ ká wá wọ ilé iṣẹ́ ńlá. Ohun àkọ́kọ́ tó máa yà yín lẹ́nu ni pé kò sí ọ̀pá kankan tí wọ́n ń wé wáyà mọ́. Ẹ rántí káfíńtà tó ń fi ìfági fá pákó: ohun pẹlẹbẹ tó ń jáde lẹ́nu ìfági máa ń ká ara rẹ̀ bí ewé gbígbẹ, láìsí pé ẹnikẹ́ni wé e mọ́ nǹkan kan. Bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Títì ni wọ́n ń ti wáyà, kò sẹ́ni tó ń wé e.

Ìbútọ̀ wáyà jókòó sórí àwo kan tó ń yí. Láti ibẹ̀, wáyà gba àárín àwọn róólà kéékèèké tí wọ́n tò lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n ń nà án títí yóò fi gún. Lẹ́yìn náà, róólà ńlá méjì tí ẹnu wọn ní ipa fún un mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń tì í síwájú. Ó gba inú ihò tóóró kan tó gbé e dúró kó má baà wọ́. Bó ṣe yọjú níbẹ̀ báyìí ni ó forí kọ́ irin ṣóńṣó méjì tó dúró dè é. Wáyà kò rí ọ̀nà gbà lọ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà lẹ́yìn kò yéé tì í. Ó di dandan kó tẹ̀. Ó tẹ̀ gba orí irin kìíní, ó tẹ̀ gba orí ìkejì, ó ti di òbíríkítí. Bí irin ṣóńṣó náà bá sún mọ́ ọn, òbíríkítí á kéré. Bó bá fà sẹ́yìn, òbíríkítí á tóbi.

Bó bá jẹ́ èyí nìkan, ìyíká kan á kàn gun orí èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, bí ti sípíríǹgì tí wọ́n ń fà. Èyí tí a ń tẹ̀, bíi ti bírò, ní láti ní àlàfo láàárín. Nítorí náà, irin pẹlẹbẹ kan wà tí ẹnu rẹ̀ dà bí ẹnu àáké, ó ń rọra ti wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń yí. Bó bá tì í púpọ̀, àlàfo á fẹ̀. Bó bá fà sẹ́yìn, ìyíká á tún padà lẹ̀ mọ́ra. Ẹ wo sípíríǹgì bírò yín dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọn ìyíká orí àti ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, àárín nìkan ló là. Irin ẹlẹ́nu àáké yẹn ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, wáyà á dúró, abẹ kan á sọ̀ kalẹ̀ gé e. Kẹ́! Ó bọ́ sínú agbọ̀n, òmíràn sì ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ẹ̀rọ yìí ti wà tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní Amẹ́ríkà, agbègbè Connecticut ti fẹ́ràn iṣẹ́ yìí láti ayé àwọn aṣago: Wallace Barnes dá ilé iṣẹ́ sípíríǹgì sílẹ̀ ní Bristol ní 1857, nígbà tí àwọn obìnrin òyìnbó ń fi irin sínú yẹ̀rì kó lè fẹ̀ gbàgà. Ìlú Torrington, ní Connecticut kan náà, ṣe ẹ̀rọ tó ń ká sípíríǹgì. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ WAFIOS bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Reutlingen ní 1893, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ wáyà. Láyé ìgbà náà, káàmù ló ń darí gbogbo rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ni káàmù, etí rẹ̀ ga níbì kan, ó relẹ̀ níbòmíràn. Bó ṣe ń yí ni ibi gíga rẹ̀ ń gbé apá irin kan, apá náà á sì ti irin ẹlẹ́nu àáké tàbí irin ṣóńṣó síwájú. Nínú etí káàmù ni ìmọ̀ wà. Bí oníbàárà bá fẹ́ irú sípíríǹgì mìíràn, wọ́n á tú káàmù, wọ́n á fi fáìlì fá òmíràn, wọ́n á dè é, wọ́n á dán an wò, wọ́n á tún tú u. Iṣẹ́ ọjọ́ kan lè ti bẹ́ẹ̀ lọ kí ojúlówó sípíríǹgì kan tó jáde. Gíà tó ń ti wáyà náà, aláàbọ̀ ni, ó ń lọ ó ń bọ̀. Gígùn wáyà tó lè tì lẹ́ẹ̀kan kò lè ju ibi tí eyín rẹ̀ parí sí.

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà gbà wọ ọ̀rọ̀ yìí kò ti ibi sípíríǹgì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Parsons, ní Traverse City ní ìpínlẹ̀ Michigan, ń ṣe abẹ̀bẹ̀ orí ọkọ̀ òfurufú hẹlikọ́pítà. Àwọn ìlà rẹ̀ ṣòroó fi ojú gé. Ó rò ó pé kí wọ́n kúkú fi ìṣirò wá ibi tí irinṣẹ́ máa gbà, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ní 1949, àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà fún un níṣẹ́ náà, ó sì mú ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT wọ̀ ọ́. Ní 1952, MIT fi ẹ̀rọ ìgérin kan han gbogbo ayé tó ń gba àṣẹ láti inú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lu ihò sí. Ẹ̀rọ tó ń ka ìwé yẹn tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì wọ́n ju ohun tí oníṣẹ́ sípíríǹgì lè rà. Nígbà tí wọ́n fi kó ọpọlọ kọ̀ǹpútà jọ sínú ègé kékeré kan, èyí tí Intel kọ́kọ́ tà ní 1971, ni ọ̀nà wá là. Díẹ̀díẹ̀ ni káàmù ń bọ́ kúrò lára ẹ̀rọ sípíríǹgì, tí mọ́tò iná ń gba ipò rẹ̀.

Kì í ṣe mọ́tò kan ṣoṣo o. Èyí tó ń ti wáyà ní tirẹ̀. Irin ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Ẹlẹ́nu àáké ní tirẹ̀, abẹ ní tirẹ̀. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní ohun kan nídìí rẹ̀ tó ń ka bó ṣe yí tó, tó sì ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà láìdákẹ́: mo ti dé ibí, mo ti dé ibí. Kọ̀ǹpútà á fi ibi tó dé wé ibi tó yẹ kó wà, bí wọ́n bá yàtọ̀, á fà á padà kí a tó ṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ ká ká ọ̀kan pọ̀. A fẹ́ sípíríǹgì tí òbíríkítí rẹ̀ fẹ̀ tó 20 mílímítà láti àárín wáyà dé àárín wáyà, kó ní ìyíká mẹ́wàá. Ìyíká kan gba nǹkan bí 62.8 mílímítà wáyà, mẹ́wàá á gba 628. Àlàfo àárín á fi díẹ̀ kún un. A tẹ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sójú kọ̀ǹpútà. Òun á ní kí mọ́tò wáyà máa tì. Nínú ìyíká àkọ́kọ́, ẹlẹ́nu àáké dúró sẹ́yìn, kí orí lẹ̀ mọ́ra. Bó ṣe ń wọ ìkejì, ẹlẹ́nu àáké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀, kí wáyà má baà dá. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹsàn-án, ó fà sẹ́yìn, ìdí lẹ̀ mọ́ra, abẹ gé e. Bí oníbàárà bá wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí orí rẹ̀ kéré kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ bíi ti agogo ńkọ́?” Káàmù kọ́? Rárá. Nọ́ńbà ni wọ́n máa yí: irin ṣóńṣó á máa fà sẹ́yìn lọ bí wáyà ṣe ń wọlé. Èyí tó kéré lókè àti nísàlẹ̀, tó yọ ikùn láàárín, bẹ́ẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ tó ń gba ọjọ́ láyé àtijọ́ ti ń yá gan-an báyìí. Bí ẹ̀rọ bá ń ká ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan, ó di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ní wákàtí kan, àwọn tó ń ká tín-ín-rín sì yára jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ṣùgbọ́n yíyára kọ́ ló mú mi fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí. Ẹ rántí ohun tí bàbá tọ́nà sọ: irin kì í gbà tán. Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lè péye bí ó ṣe wù kó péye, wáyà kò mọ nọ́ńbà. Ibì kan nínú ìbútọ̀ lè le díẹ̀ ju ibòmíràn lọ, sípíríǹgì tó bá tibẹ̀ jáde á gùn jù tàbí kó kúrú jù. Nítorí náà, wọ́n fi ohun kékeré kan dúró níwájú ibi tí sípíríǹgì ti ń jáde. Kí abẹ tó gé e, orí sípíríǹgì á ti dé iwájú nǹkan náà. Kò fọwọ́ kàn án. Àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń wọ̀n. Kọ̀ǹpútà á ka gígùn rẹ̀. Bó bá dára, ilẹ̀kùn kan á ṣí sílẹ̀ fún un. Bó bá gùn jù, òmíràn á ṣí. Bó bá kúrú jù, ẹ̀kẹta ni tirẹ̀. Ó wá ku ohun tó dára jù nínú rẹ̀: bí ó bá rí i pé àwọn tó ń jáde ti ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀, á ti fa ẹlẹ́nu àáké sẹ́yìn bí irun kan kí èyí tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Kò dúró kí ìṣòro di ńlá. Sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ọ bí yóò ṣe ká èyí tó tẹ̀lé e.

Ohun tí bàbá ń fi ọwọ́ mọ̀ nìyẹn, tí a wá kọ́ irin láti máa ṣe. Bàbá ká a, ó wò ó, ó rántí, ó yí ọ̀pá padà.

Ẹnìkan lè wá ní, ó dára, kò wá sí iṣẹ́ fún ènìyàn mọ́ nìyẹn. Ẹ dákun, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò ẹ̀rọ náà ṣì ní láti mọ wáyà bí aránṣọ ṣe mọ aṣọ. Nígbà tí ìbútọ̀ tuntun bá dé, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe kò ní kọ̀ǹpútà nínú rárá: á gé ìyíká kan lára rẹ̀, á jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Bó bá tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí orùka, wáyà náà dára. Bí etí kan bá gbé sókè bíi ti ejò tó fẹ́ ṣán ni, wáyà náà á yọ ọ́ lẹ́nu ní gbogbo ọjọ́, àfi kó tún róólà tó ń nà án tò. Ó ní láti wo orí irin ṣóńṣó: irin líle gan-an ni wọ́n fi ṣe é, síbẹ̀ wáyà ń fà á já, ó ń la ipa sí i lójú. Ó tún ní láti mọ ohun tí kò ṣeé ká. Bí òbíríkítí bá fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin sí méjìlá nínípọn wáyà, iṣẹ́ á rọrùn. Bí kò bá tó mẹ́rin, ẹ̀rọ á máa jìyà, wáyà lè sán. Bó bá ju méjìlá lọ, sípíríǹgì á máa lọ́ mọ́ra wọn nínú agbọ̀n. Kọ̀ǹpútà kò ní kọ̀ fún ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà tí kò bójú mu. Yóò ṣe é, yóò sì bà jẹ́.

Bó ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ kọ́ ló parí. Títẹ̀ tí a tẹ wáyà ti fi ìnira pa mọ́ sínú irin. Wọ́n á kó o sínú ìléru tí iná rẹ̀ kò pọ̀. Fún wáyà tí wọ́n ń pè ní wáyà dùùrù, nǹkan bí 230 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ìnira yẹn lè tú. Èyí tí orí àti ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ á gba àárín òkúta ìlọrin méjì kọjá. Èyí tó máa wà nínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ọta irin kéékèèké sọ lára rẹ̀ kó lè pẹ́ kó tó kán. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan, sípíríǹgì fáàfù rẹ̀ ń súnkì, ó ń nà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ìgbà àádọ́ta nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Gbogbo ìgbà yẹn, kò gbọ́dọ̀ gbàgbé.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ ohun tí irin yìí jẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Sípíríǹgì pẹlẹbẹ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, tó bá ti kán, wọn kì í dà á nù. Àdá ni wọ́n ń fi rọ, ọkọ́ ni wọ́n ń fi rọ, nítorí wọ́n mọ̀ pé irin tó gbé ẹrù yẹn kì í ṣe irin lásán. Wọ́n mọ̀ pé iná ló ń sọ irin di ọ̀lẹ, iná náà ló sì ń sọ ọ́ di alágbára, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń fẹ́ ewìrì. Ká ní mẹkáníìkì tèmi ti jókòó ti alágbẹ̀dẹ fún ọ̀sẹ̀ kan péré ni, kò ní fi iná gáàsì kan sípíríǹgì ọkọ̀ mi.

Mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí n tó lọ. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni irú nǹkan yìí ti ṣeé gbìyànjú mọ́. Ní 2005, àwọn olùkọ́ kan ní ìlú Ivrea ní Ítálì ṣe pátákó kékeré kan tí wọ́n pè ní Arduino, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fi darí mọ́tò lówó pọ́ọ́kú. Káàkiri ayé, àwọn kan ti fi í darí mọ́tò méjì mẹ́ta, wọ́n ń fi ti wáyà tín-ín-rín, wọ́n ń fi ká a lórí tábìlì. Kò lè bá ẹ̀rọ Reutlingen du. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i lójú ara yín bí wáyà ṣe ń kọ nọ́ńbà tí ẹ fún un, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ẹ ó ṣe bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan o. Ẹ kọ́kọ́ wá ìṣó ńlá kan tó gún, kí ẹ fi òṣùwọ̀n wọn bó ṣe nípọn tó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọ dígí tó máa bo ojú yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kékeré wo èyí, etí wáyà kì í kìlọ̀. Ẹ mú wáyà ìdì tí àwọn bíríkìlà fi ń so irin, ẹ wé e mọ́ ìṣó ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ tú u sílẹ̀. Kò ní mì, ó ti gbà. Ẹ wá tú okùn bíréékì kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ẹ yọ ẹyọ wáyà kan nínú rẹ̀, ẹ wé òun náà ní ìgbà mẹ́wàá, ẹ mú etí rẹ̀ dáadáa, kí ẹ rọra tú u. Yóò fẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fà á kúrò lórí ìṣó, ẹ wọn àyè tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ yọ nínípọn ìṣó kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa fún ẹ̀rọ yín.